Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Irú Ọkọ̀ Wo Ni Àgékù Yìí?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgékù ọkọ̀ àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ mi. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní rédíétọ̀, kò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sì sí àmì ilé-iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Ohun tó kù ni ṣáàsì, ara ọkọ̀ láti ìdí wíńsíkírínì dé ẹ̀yìn, àti ilẹ̀kùn mẹ́ta. Kò ní òrùlé. Nítorí pé rímù onígi méjì wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹni tó rí i ló ń sọ pé Ford Model T ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ Model T, àmọ́ rímù onígi kọ́ ni yóò fi hàn. Chevrolet, Dodge àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà mìíràn lo rímù onígi láàárín 1920 sí 1929. Yàtọ̀ sí ìyẹn, rímù, iná iwájú àti àmì ilé-iṣẹ́ wà lára ohun tí sípánà lè tú kíákíá, tí ẹlòmíràn á sì fi ti ọkọ̀ mìíràn rọ́pò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà láìgé irin ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nínú gbogbo lẹ́tà yín, ibi tó gba àfiyèsí wa jù ni ilẹ̀kùn mẹ́ta yẹn. Ṣé ẹ̀kẹrin sọnù ni, àbí kò fìgbà kan sí? Ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ òsì níwájú. Bí irin ibẹ̀ bá lọ tààrà láìjá, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn tẹ àwòrán ilẹ̀kùn sí i lára, tí kò sí ihò híńjì, tí kò sì sí ibi tí kọ́kọ́rọ́ á há sí, ẹ̀rí ńlá lẹ ní lọ́wọ́. Láti 1912 títí di 1925, Model T aláìlórúlé tó ní ìjókòó iwájú àti ti ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà kò ní ilẹ̀kùn gidi níbẹ̀. Àwòrán lásán ni. Èyí tí wọ́n ṣe ní Kánádà ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ihò híńjì lára òpó, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ rí, ó sọnù ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù wọn ọkọ̀ láti àárín wíìlì iwájú dé àárín wíìlì ẹ̀yìn. Ẹ wọn ọ̀tún, kí ẹ wọn òsì, nítorí ṣáàsì tó ti wọ́ kì í fúnni ní iye kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Íǹṣì 100 ni Model T. Íǹṣì 103.5 ni Model A, tó tẹ̀lé e títí di 1931. Íǹṣì 103 ni Chevrolet 1923 sí 1927, ti 1928 sì jẹ́ 107. Ẹ ṣọ́ra níbi 103 àti 103.5 yẹn o: ìdajì íǹṣì kò tó nǹkan lára ọkọ̀ tó ti gbó, áàsì tó tẹ̀ díẹ̀ ti tó láti dà á rú. Sípíríǹgì ni yóò là á. Ti Ford ayé ìgbà náà dábùú ọkọ̀ ni, ẹyọ kan níwájú, ẹyọ kan lẹ́yìn. Ti Chevrolet ń gùn tẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ ṣáàsì. Bí sípíríǹgì pàápàá kò bá sí mọ́, ibi tí wọ́n so ó mọ́ kò ní ṣàì wà lára irin.

Ẹ tún wá ibi tí táǹkì epo jókòó sí. Nínú Model A, táǹkì náà gan-an ni irin òde tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti wíńsíkírínì, ọmọrí rẹ̀ sì hàn síta láàárín gbùngbùn. Model T aláìlórúlé ti 1926 àti 1927 ní táǹkì tirẹ̀ níwájú bákan náà, ṣùgbọ́n ìdérí kékeré kan ló bo ẹnu rẹ̀. Àwọn tó ṣáájú ìyẹn ní táǹkì lábẹ́ ìjókòó iwájú.

Igi ńkọ́? Ẹ fọwọ́ tọ etí irin láti inú. Bí ihò kéékèèké tí kò ní ojú sìkúrúù bá tò tẹ̀léra, ihò ìṣó ni. Igi ló wà lẹ́yìn irin yẹn rí, bó tilẹ̀ ti jẹrà tán. Dodge ti ń ṣe ara ọkọ̀ tirẹ̀ ní irin látòkè délẹ̀ láti ìparí 1914, nítorí náà ara tí kò ní igi kankan kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ náà kì í ṣe ti àtijọ́.

Ẹ tú bóòtì kan láti ibi tó fara pamọ́, kí ẹ fi gééjì wo ojú rẹ̀, ìyẹn ìlà tó yí i po. Igun ojú bóòtì Whitworth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dígírì 55, ti Amẹ́ríkà àti ti mílímítà jẹ́ 60. Ẹ má fi orí bóòtì nìkan ṣèdájọ́: àwọn ẹ́ńjìnnì Morris kan wà tí orí bóòtì wọn gba sípánà Whitworth, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ ti mílímítà. Sìkúrúù tí ihò orí rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tọ́ka sí Kánádà. Èyí tí orí rẹ̀ rí bí àgbélébùú kò dé inú ọkọ̀ ṣáájú nǹkan bí 1936, tí Cadillac bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, torí náà ẹ kà á sí àtúnṣe bí ẹ bá rí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi yanrìn fọ́n ìpáàrà dànù. Yanrìn a máa tẹ irin tínrín, a sì máa pa nọ́ńbà àti ọ̀dà ìsàlẹ̀ rẹ́. Aṣọ àti kẹrosíìnì ti tó fún báyìí. Dúdú nìkan ni Model T láti 1914 sí 1925, fún ìdí èyí, bí ọ̀dà àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn híńjì bá jẹ́ àwọ̀ mìíràn, ẹ tún inú rò.

Ìbéèrè: Mo rí pátákó irin kékeré tí wọ́n kọ “Body by Fisher” sí lára ọkọ̀ tèmi, nọ́ńbà sì wà lórí rẹ̀. Ṣé nọ́ńbà ṣáàsì nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ ni. Fisher ṣe ara ọkọ̀ fún Chevrolet, Pontiac, Buick, Oldsmobile àti Cadillac, nítorí náà pátákó yẹn sọ ìdílé fún yín, kò tíì sọ orúkọ ọmọ. Ṣáàsì ni kí ẹ wá nọ́ńbà tirẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ fi pamọ́: ti Ford Model A wà lórí irin ṣáàsì ẹ̀gbẹ́ òsì, ara ọkọ̀ sì bò ó, ẹ ó ní láti gbé ara náà sókè díẹ̀ kí ẹ tó lè kà á.

Ìbéèrè: Volkswagen ìjàpá ni tèmi, kò sí gíláàsì kankan, kò sí iná. Báwo ni mo ṣe lè mọ ọdún rẹ̀?

Ìdáhùn: Gíláàsì lọ, ihò rẹ̀ kò lọ. Bí ihò ẹ̀yìn bá pín sí méjì, ó ṣáájú oṣù kẹta 1953. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tó rí bí ẹyin, ó wà láàárín ìgbà náà àti oṣù keje 1957. Oṣù kẹjọ 1957 ni ihò fífẹ̀ onígun mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún fẹ̀ ẹ́ sí i ní oṣù kẹjọ 1964. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lára òpó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ kékeré ti ń yọ jáde láti júwe ibi tí ọkọ̀ ń yà sí, kò kọjá 1960.

Nítorí pé oníhò méjì ṣọ̀wọ́n, àwọn kan a máa gé e lára ọkọ̀ tó bàjẹ́, wọ́n á sì jó o mọ́ ara ọkọ̀ tuntun. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ òrùlé láti inú, ojú ìjórin á hàn. Nọ́ńbà ṣáàsì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lórí òkè irin tó là láàárín ilẹ̀ ọkọ̀ já. Bóòtì ló so ara mọ́ ilẹ̀ yìí, wọ́n ṣeé yà sọ́tọ̀, nítorí náà, bí ọdún tí nọ́ńbà sọ kò bá bá ti ihò ẹ̀yìn mu, ọkọ̀ méjì ni wọ́n pa pọ̀.