Èsì: Ṣé ẹ̀kọ́ òwò orin tó nǹkan tí ọmọ ń lọ kà ní yunifásítì?

Màmá Tóbi, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ òwò orin, ẹ sì ń bẹ̀rù pé eré lásán ni.

Kì í ṣe eré rárá. Àdéhùn, ìṣirò owó àti òfin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orin kan ṣoṣo ní ẹ̀tọ́ méjì: ti ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin náà, àti ti ẹni tí ó ni ìgbàsílẹ̀ orin náà. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ yìí wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá lè máa jẹ níbẹ̀.

Èmi kò mọ èyí nígbà tí mo ń tẹ dùùrù kiri Lágere ní Ifẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ra orin mi gbé ìwé àdéhùn olójú-ewé kan síwájú mi, orí dùùrù náà ni mo ti buwọ́ lù ú láì kà á tán. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mo gbà, orin sì di tiwọn pátápátá. (Biro wọn gan-an ni mo fi buwọ́ lù ú.)

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ọmọ yín jìnnà, Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Orin wà ní OAU, ní Ifẹ̀ níbí. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ni nípa òwò níbẹ̀, kí ó tó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù JAMB.