Awọ ojú tó ń gbẹ tó sì ń hunjọ: kí ni oúnjẹ lè ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 43 ni mí, obìnrin ni mí. Láti bí ọdún kan ni awọ ojú mi ti ń gbẹ, ìlà tín-ín-rín sì ti ń yọ ní igun ojú mi. Mo ń po ìyẹ̀fun collagen mu, mo sì ń lo oògùn fítámì oríṣi mẹ́ta, síbẹ̀ n kò rí ìyàtọ̀. Kí ló yẹ kí n máa jẹ, kí ló sì yẹ kí n jáwọ́ nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Oòrùn ló ń sọ awọ ojú di ogbó ju ohunkóhun tí èèyàn lè jẹ lọ, sìgá ló tẹ̀ lé e. Bí ẹ kì í bá fi ìpara adènà oòrùn pa ojú, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, tí ẹ kì í sì í dé ohun tó ń ṣíji bo ojú, inú ajere lẹ̀ ń pọn omi sí.

Ní ti oúnjẹ, ara yín fúnra rẹ̀ ló ń hun collagen, okùn tó di awọ mú kó má baà sọ̀. Èròjà amúaradàgbà ló fi ń hun ún, fítámì C ló sì ń jẹ́ kí okùn náà yi. Gíráàmù èròjà amúaradàgbà 0.8 lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí àgbàlagbà wọ̀n ti tó, nítorí náà ẹni tó wọ̀n kílò 60 nílò 48. Ẹyin méjì ní 12, ẹja sísè gíráàmù 100 ní bíi 22, ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 15. Ó ti pé, láìtíì débi ìyẹ̀fun kankan.

Fítámì C tí obìnrin nílò lóòjọ́ jẹ́ mílígíráàmù 75. Ẹni tó ń fa sìgá á fi 35 lé e. Ọsàn kan tí kò kéré ní bíi 70. Ìdí ààrò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù rẹ̀: wọ́n á bọ ewébẹ̀ pẹ́, wọ́n á da omi rẹ̀ nù. Iná ti pa díẹ̀ níbẹ̀, omi ti gbé díẹ̀ lọ. Ẹ máa fi ooru omi sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kẹ́ ẹ sì máa jẹ díẹ̀ ní tútù.

Ṣúgà gan-an ni kẹ́ ẹ dojú kọ. Bó bá ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á lẹ̀ mọ́ okùn collagen, á so ó pọ̀ mọ́ra, okùn tó ń fà tẹ́lẹ̀ á wá gan bí aṣọ tí sítáàṣì pọ̀ lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni okùn yìí ń lò lára kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìbàjẹ́ fi ń gorí ara wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà òòjọ́ má tó gíráàmù 50 fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000. Bó bá dín sí 25, ó tún dáa sí i. Ìgò ohun mímu dídùn kan tó gba mílílítà 500 lè ní 50 yẹn tán. Oyin àti omi èso wà nínú ìṣirò náà, èso tí ẹ jẹ lódindi kò sí níbẹ̀. Bí irorẹ́ bá tún ń yọ yín lẹ́nu, ẹ dín búrẹ́dì funfun kù pẹ̀lú: ohun tó bá ń yára di ṣúgà nínú ara ń mú kí awọ máa da òróró.

Ẹni tó sá fún ọ̀rá pátápátá, awọ rẹ̀ á gbẹ. Ẹ máa jẹ ẹja ọlọ́ràá ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi ṣíbí òróró kékeré kan sí kárọ́ọ̀tì tàbí ewébẹ̀, torí láìsí òróró, ara kì í rí èyí tó pọ̀ gbà nínú èròjà tó ń di fítámì A.

Ẹ wo ara ìgò oògùn yín báyìí. Bí fítámì A tó jẹ́ retinol bá ju máíkírógíráàmù 3,000 lọ lóòjọ́, fúnra rẹ̀ ló ń mú kí awọ gbẹ, kí ètè bó, kí irun já. Aláboyún kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Èròjà zinc tó ju mílígíráàmù 40 lọ lóòjọ́ fún ìgbà pípẹ́ kì í jẹ́ kí ara rí èròjà bàbà gbà. Ní ti ìyẹ̀fun collagen, ikùn á kọ́kọ́ gé e wẹ́wẹ́. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé gíráàmù 2.5 sí 10 lóòjọ́ ń fi ọ̀rinrin díẹ̀ kún awọ láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á ló sanwó púpọ̀ nínú wọn. Bó bá wù yín, ẹ máa mu ún. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fowó ẹ̀ ra ẹja.

Omi púpọ̀ kì í na ìlà ojú. Ojú tó ń gbẹ sábà máa ń jẹ́ ẹjọ́ omi gbígbóná àti ọṣẹ líle. Ẹ fi ìpara pa á nígbà tí omi kò tíì gbẹ tán lójú.

Ipele òkè awọ ń lo bí oṣù kan kó tó paarọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ojú yín níbì kan náà, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà. Àmọ́ bí òtútù bá ń mú yín ju àwọn yòókù lọ, tí ara ń wúwo, tí irun ń já, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta: ẹ ní kí dókítà yẹ thyroid yín wò, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn. Bí biotin, ọ̀kan lára àwọn fítámì B, bá wà nínú oògùn mẹ́ta yẹn, ẹ sọ fún un kó tó fa ẹ̀jẹ̀, torí ó máa ń da èsì àyẹ̀wò náà rú.