Àlejò Ni Kí Ẹ Kìlọ̀ Fún, Kì Í Ṣe Ajá

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ ọdún gan-an ni ajá mi, Tanímọ̀la, sá jáde lọ́dún tó kọjá nígbà tí wọ́n ń yin báńgà. Ọjọ́ kẹta la tó rí i. Ọdún tún ti dé tán, àwọn ẹbí tó tó ogún ń bọ̀ wá kí wa, a sì ti mú ológbò kan kún un. Ṣé kí n so ajá náà mọ́lẹ̀ ni? Kí sì ni wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ?
Ìyá Tanímọ̀la

ÌDÁHÙN: Ìyá Tanímọ̀la, ẹ má so ó mọ́lẹ̀ o. Ajá tí jìnnìjìnnì bá lè fi okùn náà fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Yàrá tó jìnnà sí títì jù lọ ni kí ẹ yọ̀ǹda fún un. Ẹ ti fèrèsé, ẹ fa kọ́tìnnì sí i, ẹ gbé omi àti ohun tó ń sùn lé síbẹ̀, kí ẹ tan rédíò. Láti ọ̀sán ni kí ẹ ti mú un wọlé, kí ara rẹ̀ ti balẹ̀ kí báńgà àkọ́kọ́ tó dún. Tó bá sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má fà á jáde.

Ẹ so nọ́ńbà fóònù yín mọ́ ọn lọ́rùn. Bí ẹ bá ti fi microchip (ẹ̀rọ bíńtín abẹ́ awọ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ajá) sí i lára, ẹ rí i pé nọ́ńbà tó wà lákọsílẹ̀ kì í ṣe ti síìmù tó ti sọnù.

Ó wá ku oúnjẹ. Bàbá mi kékeré kan ló ju egungun adìyẹ sísè sí ajá tèmi lábẹ́ tábìlì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un." Wọ́n ní, "Kí ló wá kù tí ajá ń jẹ?" Egungun tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Aago méjì òru ni mo ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ajá ara mi. Ó yè, ṣùgbọ́n Bàbá kékeré kò tíì gbà pé egungun ni títí dòní.

Látìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń sọ ọ́ fún àlejò, kí wọ́n tó jókòó. Mo tún ń gba àpò ọwọ́ wọn gbé sókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rù àpò yẹn ń bà mí ju ti tábìlì lọ: ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n fi xylitol (èròjà adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà) ṣe lè já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ láàárín wákàtí kan, hóró parasitamọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sì lè pa ológbò. Ṣokoléètì ńkọ́? Èyí tó dúdú tó sì korò ló burú jù. Àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ, lè ba kíndìnrín ajá jẹ́. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́, sísè kò yọ ọ́ nínú ewu.

Ti ológbò, rìbọ́ọ̀nù ẹ̀bùn ni. Tó bá gbé e mì, ó lè wọ́ ìfun rẹ̀ jọ. Bí ẹ bá rí orí rìbọ́ọ̀nù tó yọ ní ihò ìdí rẹ̀, ẹ má fà á. Dókítà ni kó yọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé òdòdó lílì wá, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ dá a padà: lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tí ológbò lá lára irun ara rẹ̀ ti tó láti pa kíndìnrín rẹ̀.

Tí ajá tàbí ológbò bá ti jẹ ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ má rọ omi iyọ̀ sí wọn lẹ́nu, òun fúnra rẹ̀ lè pa wọ́n. Ẹ mú páálí ohun tí wọ́n jẹ, kí ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Àmì ti ṣokoléètì lè tó wákàtí 6 sí 12 kó tó hàn. Ilé ìwòsàn ẹranko tó máa ṣí lọ́jọ́ ọdún, ìsinsìnyí ni kí ẹ ti wádìí rẹ̀.

Ó ku ológbò tuntun yẹn: yàrá tirẹ̀, lọ́tọ̀. Ẹ má tì í mọ́ ọ̀dọ̀ ajá tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ bá mi kí Tanímọ̀la.