Téèpù ni mo lẹ̀, ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́

Aya Oníwèé kọ̀wé sí mi pé magasíìnì àtijọ́ ni ọkọ òun ń kó jọ, àwọn tí wọ́n fọwọ́ ya àwòrán èèpo wọn. Níbi tí òun ti ń tún ilé ṣe, ọ̀kan já bọ́ lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èèpo rẹ̀ ya. Òun sáré fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, àfi “káàárọ̀” àti “mo ń lọ”. Ó ní ṣé ìwé ni ọkọ òun fẹ́ ni, àbí òun?

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, má bínú.

Yíya tó ya kọ́ ló ń dun ọkọ rẹ, téèpù yẹn ni. Gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ máa ń wọnú ìwé lọ. Tó bá pẹ́, ọ̀rá orí rẹ̀ á gbẹ, á ṣí kúrò fúnra rẹ̀, á wá ku ìlà gbọọrọ kan lójú àwòrán bí ìgbà tí epo ta sí aṣọ. Má sì dán an wò pé o fẹ́ ṣí i o! Ojú àwòrán ló máa bá a ṣí. Ẹni tó ń fi títún ìwé àtijọ́ ṣe ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e fún.

O ní The Saturday Evening Post, magasíìnì ilẹ̀ Amẹ́ríkà nì, ti ọdún 1955 ni, pé Norman Rockwell, ayàwòrán ibẹ̀, ló ya èèpo rẹ̀. Fọkàn balẹ̀. Èyí tó yà fún wọn láti 1916 títí di 1963 lé ní 300, àìmọye ẹ̀dà ni wọ́n sì ń tẹ̀, ẹ ṣì lè rí òmíràn rà. Ká ní ti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1916 ni, àkọ́kọ́ tó yà, níbi tí ọmọkùnrin kan ti ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọwọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín, èmi gan-an ì bá bá ọkọ rẹ káwọ́ lérí.

Ṣùgbọ́n òun náà jẹ̀bi. Kí ni ohun tó kà sí ẹyin ojú ń wá lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Oòrùn ń pa àwọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọ̀rinrin bá tún dé ibẹ̀, píìnì àárín rẹ̀ á dógùn-ún. Inú ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n ń pè ní Mylar ló yẹ kó wà, pẹ̀lú páálí tí kò ní ásíìdì lẹ́yìn rẹ̀, nínú àpótí, níbi tó tutù tó sì gbẹ. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ìgbálẹ̀ rẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kẹ́nu ó dí fọ́jọ́ mẹ́sàn-án nítorí ohun tí òun náà lọ́wọ́ sí ti pọ̀jù, sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè “ìwé ni àbí èmi” yẹn, má bi í rárá. Lálẹ́ òní, ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé téèpù ń ba ìwé jẹ́.” Lẹ́yìn náà, ní kó fi èyí tó fẹ́ràn jù hàn ọ́. Fọ ọwọ́ rẹ, nù ún kó gbẹ dáadáa kó o tó fọwọ́ kàn án. Á rí i. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ìwọ ni wàá tún máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ sùn.