Ìkòkò àti búrẹ́dì lórí tábìlì kan: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ ń mọ ìkòkò, ẹ ń yan búrẹ́dì nílé, ṣùgbọ́n fóònù, aṣọ fífọ̀ àti ẹni tó ń kanlẹ̀kùn kì í jẹ́ kí ẹ parí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ sì fẹ́ mọ bí ẹ ó ṣe pín ọjọ́. Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo, kí ẹ mú ọ̀kan. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe méjèèjì pọ̀, mi ò sì ní fi ọ̀kankan sílẹ̀. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí amọ̀ kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Tábìlì kan ṣoṣo ni.

Tábìlì yẹn ni mo fi ń mọ ìkòkò, òun náà ni mo fi ń po ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ kan báyìí, mo ní búrẹ́dì tí mo gbọ́dọ̀ kó fún èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkòkò mọ́kànlá sì tò sórí tábìlì, mẹ́ta nínú wọn nípọn nídìí. Mo fọwọ́ kan ara wọn, ó gbẹ. Mo ní tí mo bá ti kó wọn sínú ààrò, èyí oníná mànàmáná tí mo fi ń sun ìkòkò, tábìlì á ṣófo. Mo kó wọn wọlé, mo tan ààrò, mo jẹ́ kó máa gbóná kíákíá. Fóònù dún. Ọ̀rẹ́ mi kan ni, ọ̀rọ̀ wọ̀ wá lára, mi ò rántí ààrò mọ́. Àfi gbàù! Kó tó pẹ́, gbàù mìíràn. Ẹni tí kò gbọ́ ìró yẹn rí kò lè mọ bó ṣe ń dun èèyàn tó. Ọ̀kan bú, àpáàdì rẹ̀ fọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú mọ́kànlá, méjì ló kù. Èérún amọ̀ wọ àárín àwọn wáyà tó ń gbóná lára ògiri ààrò, odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí mo ti ń bá ìyẹn yí lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹ̀fun tí mo ti pò wú kọjá ààlà, ó rọ̀ wálẹ̀, ó kan. Mo ní láti pe àwọn tó ń retí búrẹ́dì pé kò sí.

Èsì tí mo gbà lẹ́yìn náà ló ń bí mi nínú títí di òní. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní afẹ́fẹ́ ló há sínú amọ̀, pé mi ò pò ó dáadáa. Kò béèrè bí ìkòkò ṣe nípọn tó, kò béèrè ọjọ́ mélòó ni mo fi sá a. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń po amọ̀ títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro mí, ìkòkò sì tún bú. Omi ni! Omi máa ń hó ní 100°C, tó bá sì di ooru omi, àyè tó ń gbà máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600 ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá tètè ríbi gbà jáde lára amọ̀ tó nípọn, á fọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ nìkan kì í fọ́ ìkòkò tó gbẹ dénú.

Nísinsìnyí, mo máa ń gbé ìkòkò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Bó bá tutù mọ́ mi lára, omi ṣì ń jáde nínú rẹ̀ nìyẹn. Kódà bó bá dà bíi pé ó gbẹ, mo máa ń fi ààrò sí bíi 85°C di ọjọ́ kejì, kí n ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí n tó máa gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọjá 600°C. Ní 573°C, yanrìn inú amọ̀ máa ń fẹ̀ lójijì, tó bá sì ń tutù bọ̀, ó tún máa ń sún kì. Ìdí kan nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ ṣí ààrò kó tó wá sí ìsàlẹ̀ 100°C, bó ti wù kí ojú ń kán yín tó. Ìyókù, títí dé bíi 1,000°C fún sísun àkọ́kọ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníṣẹ́ iná mànàmáná pẹ̀lú. Ẹni tó ṣe tèmi fi ọwọ́ sọ̀yà pé wáyà ilé lè gbé ààrò àti ófùn pọ̀, kò ṣírò nǹkan kan. Òórùn rọ́bà tó ń jó ló jí wa lóru. Ẹ ní kí ó ṣírò rẹ̀ lójú yín, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ààrò sì ní wáyà tirẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo bá ń sun ìkòkò, mi kì í yan búrẹ́dì.

Ẹ má sì gbọ́ ti àwọn tó ní kí ẹ gbé ìyẹ̀fun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kó lè tètè wú. Èéfín tó ń jáde nígbà tí amọ̀ ń jó kò yẹ oúnjẹ, kò sì yẹ imú yín náà, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá eruku amọ̀, àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún. Sílíkà wà nínú rẹ̀, ó máa ń dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró, àpá náà kì í sì í lọ. Igi tí ẹ fi ń tẹ́ amọ̀ pẹlẹbẹ kò gbọ́dọ̀ kan ìyẹ̀fun láéláé.

Ní ti ọjọ́ pínpín tí ẹ béèrè: ẹ wo èyí tó lè dúró. Amọ̀ tí ẹ bá fi ọ̀rá wé dáadáa lè dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìyẹ̀fun tó ti ní ìwúkàrà nínú lè wà nínú fíríìjì ní bíi 4°C fún wákàtí 12 sí 24, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa wú, adùn rẹ̀ á tún pọ̀ sí i. Nítorí náà, alẹ́ ni mo ń po ìyẹ̀fun, àárọ̀ ni mo ń yan án, mo máa ń nu tábìlì, ọ̀sán sì jẹ́ ti amọ̀. Ibi tí amọ̀ kì í ti í dúró deni ni ìgbà tó bá le díẹ̀ tí ẹ fẹ́ so ọwọ́ mọ́ ife: ẹ sún un di ọjọ́ kejì láìfi ọ̀rá bò ó, á já. Wákàtí yẹn ni mo ń gbé fóònù lọ sí yàrá mìíràn. Aago lásán ni mo ń fi ṣọ́ ófùn.

Tí ìkòkò tó nípọn bá wà nílẹ̀ tí ẹ fẹ́ sun lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bó bá tutù, ẹ dá a padà síbi tó wà, ẹ wá ibòmíràn po ìyẹ̀fun.