Ojú ń ta wá nínú ilé ìgbẹ̀bí tuntun: ṣé kí á ṣí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní Ìbarà, Abẹ́òkúta. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan parí. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n kun ún, tí káfíńtà sì to kọ́bọ́ọ̀dù sínú yàrá ìkókó, síbẹ̀ ojú máa ń ta wá bí a bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Wọ́n ní kí n fín lọ́fíńdà, kí n sì tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ ṣí i. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilé tuntun, mà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì tẹ́ ọmọ kankan sínú yàrá yẹn. Lọ́fíńdà kì í lé òórùn lọ, kẹ́míkà mìíràn ló ń bù lé èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù tí a ń gbé kọ́ ara ògiri náà kò yanjú rẹ̀: afẹ́fẹ́ yàrá yẹn kan náà ló ń fà, tó ń mú tutù, tó sì ń fẹ́ padà. Kì í bu tuntun wọlé.

Kọ́bọ́ọ̀dù ni mo fura sí ju ọ̀dà lọ. Ọ̀dà olómi ara ògiri ń gbẹ, òórùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tí péńtà fi tíínà pò fún ìlẹ̀kùn máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni pákó MDF tí wọ́n sábà fi ń kan kọ́bọ́ọ̀dù, inú gọ́ọ̀mù yẹn sì ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní formaldehyde ti ń jáde bí afẹ́fẹ́, fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọdún. Ooru àti ọ̀rinrin ń lé e jáde sí i, ẹ sì mọ ooru tiwa láàárín àpáta yìí. Formaldehyde yìí ló máa ń ta ènìyàn lójú, tó ń há ọ̀fun. Láti 2004 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Ẹ lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, kí ẹ fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ àti abẹ́ pẹpẹ inú rẹ̀. Bí ibi tí ayùn gbà kọjá bá wà níhòòhò, tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìka, ibẹ̀ gan-an ló ti ń tú jáde jù. Ẹ ní kí káfíńtà gbé e síta, kó bo gbogbo etí pákó náà pátá. Tó bá jẹ́ tèmi, n kò ní dá a padà sí yàrá ìkókó mọ́. Pẹpẹ onírin tó àwọn ọmọ tuntun. Bí ẹ bá tún máa ra pákó, ẹ wò ó bóyá wọ́n tẹ E1 sí i lára, èyí tí formaldehyde rẹ̀ kéré.

Lẹ́yìn èyí ló kan fèrèsé. Ẹ ṣí èyí tó kọjú síra wọn, láàárọ̀ títí di alẹ́, kí atẹ́gùn gba ti ọ̀kan wọlé, kó gba ti èkejì jáde. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí afẹ́fẹ́ ìta tó ń wọ wọ́ọ̀dù tó lítà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ má fi bẹ́ẹ̀dì kún yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo. Ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé wọ̀nyẹn o! Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn rárá, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Nígbà tí ọjọ́ ìṣílé bá ku ọ̀la, ẹ ti yàrá náà pa mọ́jú. Kí ẹni tí kò tíì wọ ibẹ̀ rí ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Bí ojú bá ta á, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú.