Kí ni òfin ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe gómìnà Oǹdó sọ nípa ara rẹ̀?

Ọjọ́ orí àti ìwé ẹ̀rí ni òfin tẹ̀ mọ́ jù. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 35, kó sì ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá. Abala 182 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò fàyè gba ẹni tó bá gbé ayédèrú ìwé ẹ̀rí fún INEC. Òfin Ìdìbò ní kí olùdíje búra ní kóòtù lórí ohun tó kọ, kí INEC sì gbé e síta fún aráàlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á! Ní Bayelsa, oṣù Kejì 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìbò tí David Lyon fi wọlé sípò gómìnà, torí orúkọ igbákejì rẹ̀ kò bára mu lórí àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọjọ́ kejì ìdájọ́ náà gan-an ni wọn ì bá búra fún wọn.

Ti dúkìá, ẹni tó bá wọlé ló ń kéde rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìlera ńkọ́? Òfin kò fi dandan lé e, ó sì dùn mí. Àwa tí a wà l'Ákùúrẹ́ ní 2023, nígbà àìsàn Gómìnà Akeredolu, mọ bí àìmọ̀ ṣe dà wá lọ́kàn rú.